Sàlẹ́ńsà Gígùn, Sàlẹ́ńsà Kúkurú: Èwo Ló Ń Fún Ẹ́ńjìnnì Kékeré Lágbára?

Láàárín àwọn tó ń fi rìmóòtù wa ọkọ̀ kékeré elépo, àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán. Ẹnì kan á ní kí wọ́n lo sàlẹ́ńsà kúkurú kí èéfín lè rọ́nà jáde kíá, pé ohunkóhun tó bá dá èéfín dúró, agbára ẹ́ńjìnnì ló ń jẹ. Ẹlòmíì á ní irọ́ ni, pé láti ìgbà tí òun ti fi páìpù tó gùn díẹ̀ sí i ni ọkọ̀ òun ti ń já jáde ní kọ̀nà bó ṣe yẹ. Ohun tó ń rú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lójú ni pé ohun tí àwọn méjèèjì fojú rí, òótọ́ ni. Ọkọ̀ ẹni àkọ́kọ́ yára sí i, ti ẹnì kejì náà sì lágbára sí i. Àlàyé tí wọ́n ń ṣe nípa ìdí rẹ̀ ni kò tọ̀nà, torí pé èéfín tó ń jáde ni wọ́n ń wò, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó ń padà wá sẹ́nu ihò tí èéfín ń gbà jáde lára ẹ́ńjìnnì ló ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ́ńjìnnì tí mò ń sọ yìí kéré púpọ̀. Nínú ọkọ̀ ìdíje tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀n ìdá kan nínú mẹ́jọ ọkọ̀ gidi, àyè tí písítìn ń gbà lọ gbà bọ̀ nínú sílíńdà kì í ju 3.5 cc lọ. Àwọn ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń fi íǹṣì wọn nǹkan, ń pè é ní .21. Nínú àwọn tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá, 2.1 cc ló wọ́pọ̀, ìyẹn .12. Epo wọn kì í ṣe bẹntiróòlù. Mẹ́tánọ́ọ̀lù ni, tí wọ́n po náítíròmẹ́tèènì mọ́, tí wọ́n sì fi òróró sí kí irin má baà jẹ irin. Òróró lárà ṣì wà nínú púpọ̀ lára rẹ̀ títí dòní. Plọ́ọ̀gì rẹ̀ kì í ṣáná bíi ti ọkọ̀ gidi. Wáyà pílátínọ́ọ̀mù tín-ínrín ló wà lẹ́nu rẹ̀. Bátìrì ló ń mú wáyà náà pọ́n nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tan ẹ́ńjìnnì. Tó bá ti gbé, wọ́n á yọ bátìrì kúrò, mẹ́tánọ́ọ̀lù tó ń fara kan pílátínọ́ọ̀mù àti iná tó ń jó nínú sílíńdà á sì máa mú un pọ́n lọ fúnra wọn. Ẹ́ńjìnnì kékeré yìí ń yí ju ìgbà 30,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, òmíràn ń lé ní 40,000, àwọn tó ń ṣe é sì ń kọ ọ́ sára páálí èyí tó jẹ́ 3.5 cc pé agbára rẹ̀ ju ti ẹṣin méjì lọ.

Tí ẹ bá mọ jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní I-pass-my-neighbour, èyí tí wọ́n ń po óìlì mọ́ epo rẹ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́, ẹ ti mọ ìdílé tí ẹ́ńjìnnì yìí ti wá. Písítìn á gòkè lẹ́ẹ̀kan, á sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, iná á tún gbà. Kò sí ìgòkè òfo, kò sí ìsọ̀kalẹ̀ òfo.

Ihò ara ògiri sílíńdà

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí a ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní fáàfù tó ń ṣí tó sì ń tì. Tiwa yìí kò ní. Ihò ni wọ́n gbẹ́ sára ògiri sílíńdà, písítìn fúnra rẹ̀ ló sì ń bò wọ́n tó tún ń ṣí wọn bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Bí epo bá ti gbiná, písítìn á já wálẹ̀. Ihò èéfín ló kọ́kọ́ máa ń ṣí, torí òun ló ga jù lára ògiri. Èéfín gbígbóná tó ti há sínú sílíńdà á bẹ́ jáde. Písítìn á tún sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí i, ihò epo á ṣí, àdàlù epo àti afẹ́fẹ́ tó wà nílé kíráńkì, ìyẹn àyè tó wà nísàlẹ̀ písítìn, á rú sókè wọnú sílíńdà. Písítìn á kanlẹ̀, á yí padà, á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Ẹ fara balẹ̀ wo ìgòkè yìí, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ihò tó ga jù ló kọ́kọ́ ṣí, òun náà ló máa kẹ́yìn láti pa dé. Nígbà tí ihò epo bá ti dí, ihò èéfín á ṣì là sílẹ̀. Ní ìwọ̀nba àkókò yẹn, epo tuntun tí kò tíì jó wà láàárín: písítìn ń tì í láti ìsàlẹ̀, ọ̀nà àbájáde sì ṣí sílẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò ní dúró. Epo tí a fi owó rà á bá èéfín jáde láìṣe iṣẹ́ kankan. Kò sì sí bí oníṣẹ́ ṣe lè gbẹ́ ihò náà tí ìṣòro yìí ò fi ní wà, torí ibi tí písítìn ti ń ṣí i nígbà tó ń bọ̀ nísàlẹ̀, ibẹ̀ náà ló ti máa pa á dé nígbà tó bá ń gòkè.

Ká ní nǹkan kan lè wá sẹ́nu ihò yẹn lásìkò tó yẹ gẹ́lẹ́, kó da epo tó fẹ́ sá lọ padà sínú sílíńdà, kí písítìn sì pa ihò dé mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì á wá ní epo àti afẹ́fẹ́ láti jó ju èyí tó lè fi ara rẹ̀ fà wọlé lọ. Nǹkan náà wà, páìpù ló sì ń rán an wá.

Ìgbì tó ń lọ tó ń bọ̀

Nígbà tí ihò èéfín bá ṣí lójijì, ìgbì líle kan á bẹ́ sínú páìpù. Èéfín fúnra rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìgbì yẹn ń sáré lọ níwájú rẹ̀ ní ìyára ìró, torí ìró gan-an kò ju irú ìgbì bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó bá sì jẹ́ ìró, ó ní gbohùngbohùn. Bí ìgbì náà bá dé ibi tí ìbú páìpù ti yí padà, apá kan nínú rẹ̀ á padà síbi tó ti wá.

Bó ṣe máa padà ló yàtọ̀, ó sì máa ń ṣòro fún èèyàn láti gbà gbọ́. Ẹ ronú nípa súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Tí ọ̀nà bá fẹ̀ níwájú, àwọn ọkọ̀ tó wà lókè á ráyè sún, àlàfo á ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn wọn, àwọn tó tẹ̀ lé wọn á sún wọnú àlàfo yẹn, òmíràn á tún ṣí lẹ́yìn tiwọn. Gbogbo ọkọ̀ ń lọ síwájú, àmọ́ àlàfo ń bọ̀ lẹ́yìn, títí á fi dé ọ̀dọ̀ yín. Tí ọ̀nà bá sì há lójijì, ìfúnpọ̀ ló máa rìn padà: ẹni iwájú á tẹ bíréèkì, ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ̀ ẹ́, gbogbo wa á fún pọ̀ mọ́ra títí dé ẹ̀yìn pátápátá, láìjẹ́ pé ọkọ̀ kankan fi ẹ̀yìn rìn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí afẹ́fẹ́ inú páìpù nìyẹn. Ibi tí páìpù bá ti fẹ̀, ìgbì ìfà ló ń dá padà. Ibi tó bá ti há, ìgbì ìtì ló ń dá padà.

Ìdí nìyí tí ikùn sàlẹ́ńsà àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí fi máa ń wú. Páìpù tóóró tó tẹ̀ kọrọdọ ló kọ́kọ́ so mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Mànífóòdù là ń pè é. Àrọ kan tó ń fẹ̀ lọ ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ikùn tó gbòòrò, lẹ́yìn náà àrọ kejì tó ń há bọ̀, ìrù kékeré tí èéfín ń gbà jáde sì wá gbẹ̀yìn. Àrọ àkọ́kọ́ ń dá ìfà padà. Ìfà yìí ń dé ẹnu ihò nígbà tí písítìn wà nítòsí ìsàlẹ̀: ó ń fa èéfín tó ṣẹ́kù jáde, ó ń ran epo tuntun lọ́wọ́ láti gòkè wá láti ilé kíráńkì, débi pé díẹ̀ nínú epo náà á bá èéfín wọnú mànífóòdù. Ìyẹn kì í ṣe àdánù, torí ìtì tí àrọ kejì dá padà ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó pàdé epo tó ti sá jáde, ó dá a padà sínú sílíńdà, ihò sì pa dé. Iṣẹ́ fáàfù ni páìpù yìí ń ṣe, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ohun kan tó ń mira nínú rẹ̀. Nínú gbogbo ọgbọ́n tí mo mọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ ẹ́ńjìnnì dá, èyí wà lára àwọn tó jọ mí lójú jù.

Ẹni tó yẹ ká dárúkọ níbí ni Walter Kaaden. Òun ló ń bójú tó iṣẹ́ ìdíje nílé iṣẹ́ alùpùpù MZ ní ìlú Zschopau, ní Jámánì Ìlà-Oòrùn, ní àwọn ọdún 1950 àti lẹ́yìn rẹ̀. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ fi páìpù tó wú sábẹ́ alùpùpù, àmọ́ òun ló jókòó tì í, tó fi ẹ̀rọ tó ń ya ìgbì hàn lójú gíláàsì wo ohun tó ń lọ nínú páìpù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Owó tí wọ́n fún un kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn tó ń bá figagbága. Síbẹ̀, nígbà tó fi máa di ọdún 1961, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó jẹ́ 125 cc ti ń mú agbára ẹṣin 25 jáde. Tí a bá ṣírò rẹ̀ dé lítà kan, agbára ẹṣin 200 nìyẹn, kò sì sí ẹ̀rọ kankan tó ń fún afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì náà. Kò sẹ́ni tó ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní oṣù September ọdún yẹn kan náà, lẹ́yìn ìdíje tó wáyé ní Kristianstad ní Sweden, Ernst Degner tó ń gun alùpùpù fún MZ kò padà sílé mọ́. Ó bá Suzuki lọ sí Japan pẹ̀lú ohun tó mọ̀, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti 50 cc fún wọn ní 1962. Kò pẹ́ tí gbogbo alùpùpù ìdíje irú ẹ̀ fi ń gbé páìpù tó wú. Èyí tó wà lábẹ́ ọkọ̀ rìmóòtù lónìí, ìran kan náà ni.

Ìṣirò gígùn rẹ̀

Ó ti wá yé wa pé ìtì gbọ́dọ̀ lọ kó sì bọ̀ kí ihò tó pa dé. Kò gbọ́dọ̀ pẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ yá jù. Ká fi nọ́ńbà sí i.

Ká mú ẹ́ńjìnnì tó ń yí ní ìgbà 30,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ìyípo 500 nìyẹn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyípo kọ̀ọ̀kan sì ń gba ìdá 2 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì ìdíje wọ̀nyí, ihò èéfín máa ń wà ní ṣíṣí fún nǹkan bíi dígírì 170 sí 180 nínú 360 tó wà nínú ìyípo kan. Ká mú 180 kó lè rọrùn, ìyẹn ìdajì ìyípo. Ihò náà ṣí fún ìdá 1 péré nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá. Gbogbo àkókò tí ìgbì ní láti lọ kó sì bọ̀ nìyẹn.

Nínú afẹ́fẹ́ inú yàrá, ìró ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú èéfín gbígbóná ó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. 500 dára láti fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Ní ìdá 1 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá, ìgbì á rin sẹ̀ǹtímítà 50. Àlọ àti àbọ̀ ni, torí náà ìdajì rẹ̀ ni gígùn tí à ń wá: sẹ̀ǹtímítà 25, láti ojú písítìn dé nǹkan bí àárín àrọ kejì. Ẹ kíyè sí i pé ibi tí a ti ń wọ̀n ọ́n kì í ṣe orí ìrù sàlẹ́ńsà, kì í sì í ṣe ibi tí mànífóòdù parí sí. Inú mànífóòdù wà nínú ìwọ̀n náà, títí kan ibi tó ti tẹ̀; okùn tàbí wáyà ni kí ẹ fi tẹ̀ lé àárín ìtẹ̀ rẹ̀.

Ní báyìí ká sọ pé a fẹ́ kí agbára pọ̀ jù ní ìyípo 36,000. Ihò á wà ní ṣíṣí fún àkókò tó kéré sí i, ìgbì gbọ́dọ̀ tètè dé, ìṣirò kan náà á sì fún wa ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 21. Tó bá jẹ́ 25,000 la fẹ́, sẹ̀ǹtímítà 30 ni. Páìpù kúkurú ń gbé agbára lọ sókè, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń yí kíákíá. Èyí tó gùn ń gbé e wá sísàlẹ̀. Nítòsí 30,000, sẹ̀ǹtímítà kan péré ń sún ibi tí agbára ti pọ̀ jù ní nǹkan bí ìyípo 1,200, mìlímítà kan sì ń sún un ní nǹkan bí 120. Ẹni tó bá ń sọ pé díẹ̀ yẹn kò lè ṣe nǹkan kan, kí ó fi ìṣirò yìí wò ó.

Mi ò ní kí ẹ gbára lé nọ́ńbà yìí délẹ̀délẹ̀. Àrọ kejì kì í ṣe ògiri kan ṣoṣo. Ó gùn, torí náà ẹnu rẹ̀ á dá díẹ̀ padà, àárín á dá díẹ̀ padà, ìparí náà á dá tirẹ̀. Tó bá ń há lójijì, ìtì tó ń dá padà á le, àmọ́ àyè tí agbára á ti wà á kéré. Tó bá ń há díẹ̀díẹ̀, ìtì á rọ̀, àyè rẹ̀ á sì gbòòrò. Àwọn tó ń ṣe páìpù ń yan èyí tí wọ́n fẹ́, ìdí sì nìyẹn tí páìpù méjì tí gígùn wọn dọ́gba kì í fi í ṣe bákan náà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò yìí wo I-pass-my-neighbour, torí èèyàn máa ń bi mí bóyá ó ṣeé ṣe fún un. Nǹkan bí ìyípo 3,000 ni jẹnẹrétọ̀ máa ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ìdá kan nínú mẹ́wàá ti ọkọ̀ wa. Ihò rẹ̀ lè má ṣí pẹ́ tó 180, àmọ́ bí a bá lò ó náà, gígùn páìpù rẹ̀ á tó mítà 2.5. Kò sẹ́ni tó máa gbé irú rẹ̀ sí kọ́rídọ̀. Àpótí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ariwo ló wà fún. Ẹni tó bá gé e, ariwo ló fi kún un.

Tí ìgbì bá yá jù, tàbí tó bá pẹ́

Ká fi páìpù tí a wọ̀n fún 30,000 sára ẹ́ńjìnnì tó ń yí ní 18,000. Ìtì á yá dé jù. Á bá ihò epo ní ṣíṣí, á máa dá epo tó ń gòkè bọ̀ dúró, á sì da èéfín padà sórí epo tuntun. Kí ihò èéfín tó wá pa dé, ìtì á ti bá tirẹ̀ lọ, epo á tún ráyè sá. Níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì lè rẹ̀ sílẹ̀ ju bí kò bá tilẹ̀ ní páìpù lọ. Bí ẹ bá tún mú ẹ́ńjìnnì náà lọ sí 38,000, ìgbì á pẹ́. Á dé nígbà tí ihò ti pa dé. Agbára á já wálẹ̀ lójijì, ọkọ̀ á dà bí èyí tí nǹkan dì mú, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà kò bà jẹ́ rárá.

Láàárín méjèèjì ni ibi tó dùn wà. Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ yìí rí mọ̀ ọ́n: ọkọ̀ á máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ohùn ẹ́ńjìnnì á wá yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, á mú, ọkọ̀ á sì fò. Ìgbà yẹn ni ìgbì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé lásìkò.

Torí náà, àwọn méjèèjì tó ń jiyàn níbẹ̀rẹ̀ kò purọ́. Ẹni tó ń sáré lórí pápá tí ojú títọ́ rẹ̀ gùn, tó sì lè mú kí ẹ́ńjìnnì wà lókè fún ìgbà pípẹ́, páìpù kúkurú máa ṣe é lóore. Ẹni tí pápá tirẹ̀ jẹ́ kọ̀nà lé kọ̀nà, tó ń dẹwọ́ tó tún ń tẹ̀ ẹ́, kò ráyè dé òkè yẹn. Páìpù tó gùn díẹ̀ máa bá a níbi tó wà. Jíà náà ń dá sí i. Ọkọ̀ tó ń sáré lórí ọ̀dà, èyí tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ, ní jíà méjì tó ń yí fúnra rẹ̀, ó lè dúró sínú àyè tóóró. Ọkọ̀ onígbó, ìyẹn bọ́gì tó ń fò lórí erùpẹ̀, jíà kan ṣoṣo ló ní, òun ló sì ń fi bẹ̀rẹ̀ láti ìdúró títí dé ibi tó yára jù. Fún un, àyè tó gbòòrò sàn ju góńgó tó ga lọ. Ní tèmi, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bọ́gì kò gbọ́dọ̀ fi mànífóòdù tó kúrú jù bẹ̀rẹ̀, bó ti wù kí àwọn tó wà ní pápá yìn ín tó.

Bí a ṣe ń yí i padà láìba nǹkan jẹ́

Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ orí ọ̀dà, rọ́bà sílíkóònù tó lè fara da ooru ló so mànífóòdù àti sàlẹ́ńsà pọ̀. Ẹ lè fa sàlẹ́ńsà sẹ́yìn tàbí kí ẹ tì í síwájú nínú rọ́bà náà ní mìlímítà mélòó kan. Kí àlàfo inú rẹ̀ má pọ̀ jù o, torí iná èéfín á jó rọ́bà láti inú. Ti bọ́gì yàtọ̀: sípíríǹgì ló so ó mọ́ra, torí náà mànífóòdù ni wọ́n ń pààrọ̀, àwọn tó ń ṣe é sì ń tà á ní kúkurú, àárín àti gígùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ayùn gé ohunkóhun. Ohun tí a bá fà gùn, a lè tì í padà. Irin tí a bá gé ti lọ nìyẹn. Èyí tó tún ń dùn mí jù ni ti àwọn tó ń gé ìrù sàlẹ́ńsà, tí wọ́n rò pé àwọn ti dín gígùn rẹ̀ kù. Ìrù wà lẹ́yìn àrọ kejì. Gígé rẹ̀ kò sún ibi tí ìgbì ti ń padà ní mìlímítà kan.

Ohun tí ìrù ń ṣe ni pé ó ń mú kí èéfín há díẹ̀ sínú ikùn páìpù, ìfúnpọ̀ yẹn sì níṣẹ́ mìíràn. Túùbù tín-ínrín kan lọ láti ara sàlẹ́ńsà sínú táǹkì epo. Ìfúnpọ̀ inú páìpù ló ń ti epo lọ sí kàbúrétọ̀. Torí náà, ẹni tó bá pààrọ̀ páìpù ti pààrọ̀ iye epo tó ń wọ ẹ́ńjìnnì, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà: wọ́n fi páìpù tuntun sí i, ọkọ̀ yára fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n ní páìpù dára, bẹ́ẹ̀ sì ni epo ló dín kù, tí ẹ́ńjìnnì ń gbóná kọjá ààlà. Òróró ń bá epo rìn nínú irú ẹ́ńjìnnì yìí. Tí epo bá dín kù, òróró ti dín kù nìyẹn, písítìn ló sì máa san gbèsè rẹ̀. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá yí gígùn padà, ẹ kọ́kọ́ ṣí ìdè epo kàbúrétọ̀, ìyẹn èyí tí a ń yí láti dín epo kù tàbí fi kún un, díẹ̀ kí epo lè pọ̀ sí i. Ẹ wò ó bóyá èéfín funfun ṣì ń tẹ̀ lé ọkọ̀ nígbà tó bá ń sáré. Ẹ fi ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru wo orí ẹ́ńjìnnì. Láàárín dígírì Sẹ́síọ́ọ̀sì 100 sí 120 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá máa dín epo kù díẹ̀díẹ̀.

Ooru tún kan gígùn fúnra rẹ̀, èyí sì ni kì í tètè wá sí èèyàn lọ́kàn. Bí èéfín bá ṣe gbóná sí i ni ìró ń yára sí i nínú rẹ̀. Láti dígírì 300 sí 400, ìyára ìró ń fi nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 pọ̀ sí i. Lórí ẹ́ńjìnnì tí a wọ̀n páìpù rẹ̀ fún 30,000, ìyẹn tó láti sún góńgó agbára ju ìyípo 2,000 lọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan páìpù. Epo púpọ̀ ń mú páìpù tutù, páìpù á sì máa ṣe bí ẹni pé ó gùn sí i. Epo kíún ń mú un gbóná, á máa ṣe bí ẹni pé ó kúrú. Tí ẹ bá rí ọkọ̀ tó ń rẹ̀ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tó wá ń dára bó ṣe ń pẹ́ lórí pápá, ó lè jẹ́ pé páìpù ni kò tíì gbóná tó. Kò yẹ kí a fi ẹ́ńjìnnì tútù dá gígùn páìpù lẹ́jọ́.

Òfin náà wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá ń díje. Lábẹ́ EFRA, àjọ tó ń darí ìdíje ọkọ̀ rìmóòtù ní Yúróòpù, sàlẹ́ńsà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí àjọ náà ti yẹ̀ wò nítorí ariwo, nọ́ńbà tí wọ́n fún un á sì wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá lọ tún inú rẹ̀ ṣe ti rúfin. Mànífóòdù àti oríkèé tó so wọ́n pọ̀ ni àyè tó kù fún un láti fi ọgbọ́n ṣe nǹkan, ó sì tó.

Tí ẹ bá wá fẹ́ dán an wò, ohun kan ni kí ẹ yí lẹ́ẹ̀kan. Mìlímítà méjì tó. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ò ní mọ ibi tí ẹ ti kọjá góńgó. Ẹ má fi etí nìkan dá a mọ̀, torí ẹ́ńjìnnì tó ń ké jù lè jẹ́ èyí tí ìgbì rẹ̀ ti ń pẹ́. Ẹ má sì fi ojú títọ́ nìkan dá a mọ̀. Ẹ fi aago wo àkókò tó fi yí pápá ká lódindi, ẹ ṣe é ní ìgbà mélòó kan pẹ̀lú táǹkì tó kún bákan náà. Bí ọkọ̀ bá yára sí i lójú títọ́ àmọ́ tí àkókò ìyípo pápá gùn sí i, ẹ fa mìlímítà méjì yẹn padà.